Bí ìpín àyè ìrántí ṣe fẹ́rẹ̀ẹ́ sọ ọkọ̀ Spirit di òkú irin ní Mars

Ní ọjọ́ 21, oṣù kìn-ín-ní, ọdún 2004, òjò ńlá ń rọ̀, ààrá sì ń sán nítòsí Canberra, lórílẹ̀-èdè Ọsirélíà, níbi tí díẹ̀ nínú àwọn àwo ńláńlá tí àjọ NASA fi ń bá òfuurufú sọ̀rọ̀ wà. Àwo náà ni àwọn òṣìṣẹ́ tó wà ní ìlú Pasadena, ní ìpínlẹ̀ California, lórílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà, fi ń ránṣẹ́ sí Spirit lọ́jọ́ náà. Spirit ni ọkọ̀ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́fà tó ti wà nínú kòtò Gusev ní pílánẹ́ẹ̀tì Mars láti ọjọ́ 4, oṣù náà. Lójijì ni ọkọ̀ náà dákẹ́. Ohun tí wọ́n kọ́kọ́ rò ni pé òjò ló fà á, pé bí ojú ọ̀run bá ti mọ́, ohùn rẹ̀ yóò tún máa wọlé bó ṣe yẹ. Ojú ọ̀run mọ́, ohùn kò wọlé.

Kò sí mẹkáníìkì tí wọ́n lè rán lọ síbẹ̀. Ọ̀rọ̀ tí wọ́n bá fi rédíò sọ láti ayé nígbà náà ń gba nǹkan bíi ìṣẹ́jú mẹ́wàá kó tó dé Mars, èsì náà yóò sì gba bẹ́ẹ̀ kó tó padà. Owó tí ìjọba Amẹ́ríkà ná sórí Spirit àti ìkejì rẹ̀ tó ń jẹ́ Opportunity lé ní 800 mílíọ̀nù dọ́là. Èyí tó wá mú kí ọkàn gbogbo wọn má balẹ̀ rárá ni pé ọjọ́ díẹ̀ péré ló kù kí Opportunity fúnra rẹ̀ gúnlẹ̀, ètò kan náà ni wọ́n sì kó sínú kọ̀ǹpútà àwọn méjèèjì. Àìsàn tó bá ń ṣe Táyé, ó di dandan kó wà lára Kẹ́hìndé.

Nígbà tí wọ́n rí ìdí ọ̀rọ̀ náà níkẹyìn, kì í ṣe irin ló ṣẹ́, kì í ṣe wáyà ló já. Bí wọ́n ṣe pín àyè ìrántí fún ètò ìdarí kọ̀ǹpútà inú ọkọ̀ náà ni. Àṣẹ méjì tí ẹnìkan yàn sílẹ̀ nígbà tí wọ́n ń to ètò náà jọ láyé níbí ló lọ dá ọkọ̀ dúró lókè ọ̀hún.

Kọ̀ǹpútà tí ọ̀pọ̀ ènìyàn mọ̀ ni èyí tó ní ojú bíi ti tẹlifíṣàn, tó sì ní bọ́tìnnì tí wọ́n fi ń tẹ ọ̀rọ̀. Ṣùgbọ́n èyí tó pọ̀ jù lọ láyé ni èyí tí wọ́n sé mọ́ inú ẹ̀rọ mìíràn: ó wà nínú mọ́tò, ó wà nínú mítà iná tí wọ́n ń ra káàdì sí, ó wà nínú ẹ̀rọ POS tí wọ́n fi ń gba owó lọ́jà, ó wà nínú ẹ̀rọ tó ń bá aláìsàn mí nílé ìwòsàn. Àyè ìrántí irú kọ̀ǹpútà bẹ́ẹ̀ kéré, kò sì sí ẹni tó jókòó tì í tí yóò pa á, tí yóò tún un tàn nígbà tó bá há.

Nínú ètò ìdarí rẹ̀, apá tí àwọn onímọ̀ ń pè ní kernel ni baálé ilé. Òun ló ń kọ́kọ́ jí, òun ló ń pín iṣẹ́, òun náà ló sì ń pín àyè. Àmọ́ kí baálé yìí tó jí rárá, ẹlòmíràn ti gbọ́dọ̀ pinnu yàrá tí yóò máa sùn, ibi tí àwọn ará ilé yóò wà, àti àyè tí yóò ṣẹ́kù fún àlejò. Onímọ̀ ẹ̀rọ tó to ètò náà jọ ni ẹlòmíràn ọ̀hún. Bí ó bá kọ́ ilé sódì, kò sí bí baálé ṣe lè ti inú yàrá tún un kọ́.

Ẹ fojú inú wo àyè ìrántí bí òpópónà gígùn kan tí gbogbo ilé rẹ̀ ní nọ́ńbà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ohun kékeré kan ṣoṣo ni ilé kọ̀ọ̀kan lè gbà, èyí tí wọ́n ń pè ní byte. Apá kan òpópónà náà wà fún àwọn àṣẹ tí kọ̀ǹpútà yóò máa tẹ̀lé. Apá mìíràn wà fún àwọn nǹkan tí wọ́n ti mọ iye wọn láti ìbẹ̀rẹ̀, òmíràn sì wà fún àwọn tí yóò bẹ̀rẹ̀ láti òdo. Lẹ́yìn èyí ni stack, níbi tí iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan ti ń to ohun tó ń lò lọ́wọ́ léra wọn bí ìgbà tí obìnrin bá to abọ́, tó jẹ́ pé èyí tó gbé lé e kẹ́yìn ni yóò kọ́kọ́ gbé kúrò. Heap ni àká gbogbogbòò. Iṣẹ́ tó bá nílò àyè lójijì yóò lọ tọrọ níbẹ̀, bó bá lò ó tán, yóò dá a padà.

Lórí kọ̀ǹpútà ńlá, bí RAM bá kún, kernel lè kó díẹ̀ nínú ẹrù lọ sórí díìsìkì fúngbà díẹ̀. Nínú ẹ̀rọ kékeré, kò sábà sí ibi tí ẹrù ń lọ. Ó tún burú jù bẹ́ẹ̀ lọ nínú àwọn tí kò ní ògiri láàárín yàrá kan àti èkejì. Iṣẹ́ tó bá kún ju stack tirẹ̀ lọ yóò bẹ̀rẹ̀ sí í kọ nǹkan sórí ohun ìní aládùúgbò rẹ̀. Aládùúgbò yẹn ni yóò ṣubú, ẹni tó ṣẹ̀ yóò sì máa bá iṣẹ́ tirẹ̀ lọ ní àlàáfíà. Ìdí nìyí tí irú àṣìṣe bẹ́ẹ̀ fi máa ń gba ọ̀sẹ̀ púpọ̀ kí wọ́n tó rí i: ibi tí ẹ̀jẹ̀ ti ń jáde kọ́ ni ọgbẹ́ wà.

Bí onímọ̀ ẹ̀rọ ṣe ń pín àyè yìí kò le lójú, òǹkà lásán ni. FreeRTOS, ètò ìdarí kékeré tí Richard Barry dá sílẹ̀ ní ọdún 2003, jẹ́ àpẹẹrẹ tó rọrùn. Ká ní ẹnìkan fẹ́ fi í sínú ọ̀kan nínú àwọn ẹ̀rọ STM32, èyí tó ní flash kìlóbáìtì 512 àti RAM kìlóbáìtì 128. Fáìlì kan wà tí ètò tí wọ́n ń pè ní linker máa ń kà nígbà tó bá ń so gbogbo iṣẹ́ pọ̀. Inú rẹ̀ ni onímọ̀ náà yóò ti kọ ọ́ pé flash bẹ̀rẹ̀ láti ilé nọ́ńbà 0x08000000, pé RAM bẹ̀rẹ̀ láti 0x20000000, àti bí ọ̀kọ̀ọ̀kan ṣe gùn tó. Bí ó bá ṣèèṣì kọ 256 síbi tó yẹ kó kọ 128, linker yóò gbà á gbọ́, nítorí kò ní ojú tó lè fi wo ẹ̀rọ náà. Gbogbo nǹkan yóò sopọ̀ láìsí ìkìlọ̀ kankan, ó di ọjọ́ tí iṣẹ́ bá kọ́kọ́ dé ilé tí kò sí kí àṣírí tó tú.

Nínú kìlóbáìtì 128 yìí, ká ní àwọn ohun tí iye wọn ti wà nílẹ̀ gba 20, kí stack tí ẹ̀rọ ń lò nígbà tí ìpè òjijì bá dé gba 4, kí onímọ̀ náà sì ya 64 sọ́tọ̀ fún heap nípasẹ̀ àṣẹ tó ń jẹ́ configTOTAL_HEAP_SIZE. Kìlóbáìtì 40 ló ṣẹ́kù, ó sì yẹ kó ṣẹ́kù, nítorí ètò kì í dín kù bí ọdún ti ń gorí ọdún. Bí iṣẹ́ mẹ́fà bá wà, tí stack ọ̀kọ̀ọ̀kan sì jẹ́ kìlóbáìtì 2, kìlóbáìtì 12 ni wọn yóò mú nínú heap. Ibí yìí gan-an ni ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ ti ń fẹsẹ̀ kọ. Nọ́ńbà tí FreeRTOS ń béèrè fún stack kì í ṣe iye byte, iye word ni, byte mẹ́rin ló sì wà nínú word kan lórí ẹ̀rọ yìí. Ẹni tó bá fẹ́ kìlóbáìtì 2 yóò kọ 512. Ẹni tó bá kọ 2048 ti gba ìlọ́po mẹ́rin ohun tó rò láìmọ̀. Àwọn tó gbé FreeRTOS sórí ESP32 wá yí i padà, byte ni tiwọn ń kà, nítorí náà ẹni tó bá kó iṣẹ́ rẹ̀ láti ibì kan lọ sí ibòmíràn láì ka ìwé yóò fi ìdá mẹ́rin ohun tí iṣẹ́ náà nílò fún un.

Báwo ni wọ́n ṣe ń mọ bí stack yóò ṣe tóbi tó? Ìmọ̀ràn tó dára jù ni kí wọ́n wọ̀n ọ́n. FreeRTOS lè fi àmì kan náà, 0xA5, kún inú stack kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀. Lẹ́yìn tí ẹ̀rọ náà bá ti ṣiṣẹ́ fún ìgbà pípẹ́, wọn yóò wo ibi tí àmì náà ti parẹ́ dé, bí ẹni tó ń wo ibi tí omi ga dé lára ògiri lẹ́yìn àgbàrá. Àṣẹ mìíràn tún wà tí wọ́n lè yàn kí kernel máa yẹ àmì yìí wò fúnra rẹ̀, òmíràn sì wà tó ń sọ ohun tí yóò ṣẹlẹ̀ bí ẹnìkan bá tọrọ àyè nínú heap tí kò sì sí. Ọ̀pọ̀ ènìyàn kì í kọbi ara sí èyí tó kẹ́yìn yìí. Òun gan-an ló sì fẹ́rẹ̀ẹ́ pa Spirit.

Kọ̀ǹpútà inú Spirit ń jẹ́ RAD6000, wọ́n dìídì ṣe é kí ìtànṣán òfuurufú má lè bà á jẹ́. Ìyára rẹ̀ jẹ́ mẹ́gáhátìsì 20 péré, RAM rẹ̀ jẹ́ mẹ́gábáìtì 128, flash rẹ̀ jẹ́ 256, ó sì tún ní mẹ́gábáìtì 3 nínú irú ìrántí tí wọ́n ń pè ní EEPROM. Fóònù tó wà lápò ọmọ ilé-ìwé lónìí ju bẹ́ẹ̀ lọ fíìfíì. Ètò ìdarí rẹ̀ ni VxWorks, tí ilé-iṣẹ́ Wind River ṣe.

Spirit kúrò láyé ní ọjọ́ 10, oṣù kẹfà, ọdún 2003. Ní gbogbo nǹkan bí oṣù méje tó fi wà lójú ọ̀nà, ó ń kọ fáìlì sínú flash, nígbà tó sì gúnlẹ̀, tó bẹ̀rẹ̀ sí í ya àwòrán, ńṣe ni fáìlì náà ń pọ̀ sí i. Ìlànà DOS àtijọ́ ni VxWorks fi to àwọn fáìlì yìí. Nínú ìlànà DOS, bí wọ́n bá pa fáìlì kan rẹ́, ìlà orúkọ rẹ̀ kì í kúrò nínú ìwé orúkọ. Wọn yóò kàn fi àmì sí i pé ó ṣófo ni. Ìwé orúkọ náà kì í kúrú, gígùn ló máa ń gùn. Flash fúnra rẹ̀ ṣì ní àyè dáadáa, àmọ́ kì í ṣe ibẹ̀ ni wàhálà wà. Ẹ̀dà ìwé orúkọ yìí gbọ́dọ̀ wà nínú RAM kí ètò tó lè lo flash, RAM sì ni kò fẹ̀.

Àwọn tó to ètò náà jọ ya àká kékeré kan sọ́tọ̀ fún apá tó ń bójú tó fáìlì. Èyí dára. Ohun tí kò dára ni àṣẹ àkọ́kọ́ tí wọ́n ṣì yàn, èyí tó gbà pé bí àká kékeré náà bá kún, kí apá fáìlì lọ máa bu nínú àká gbogbogbòò tí gbogbo iṣẹ́ yòókù ń lò, láìsí òdiwọ̀n kankan. Bí ọmọ kan bá ti ń bu oúnjẹ nínú ìkòkò ilé láìsí ẹni tó ń wò ó, ọjọ́ kan ni àwọn yòókù yóò ṣí ìkòkò tí wọn yóò bá a lófìfo. Àṣẹ kejì ló wá sọ ọ̀rọ̀ náà di ńlá. Bí iṣẹ́ kan bá tọrọ àyè tí kò sì sí, kernel lè dá a lóhùn pé kò sí, kí iṣẹ́ náà wá ọgbọ́n mìíràn dá. Ó sì lè dá iṣẹ́ náà dúró síbi tó wà, bí ẹni so ẹran mọ́lẹ̀. Ìdádúró yìí ni wọ́n yàn.

Ní ọjọ́ kejìdínlógún rẹ̀ ní Mars, àyè tán. Iṣẹ́ kan tọrọ, kò rí, wọ́n so ó mọ́lẹ̀. Ẹ̀ṣọ́ kan wà nínú ètò náà tó ń wò bí iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan ṣe ń lọ. Nígbà tó rí i pé ọ̀kan ti dúró, ó ṣe ohun tí wọ́n kọ́ ọ: ó pa kọ̀ǹpútà, ó tún un tàn. Kernel jí, ó kọjú sí flash, ó bẹ̀rẹ̀ sí í da ìwé orúkọ kọ sínú RAM. RAM kún, iṣẹ́ dúró, ẹ̀ṣọ́ tún pa á, ó tún tàn án. Láàárín ọjọ́ mẹ́ta, kọ̀ǹpútà náà pa ara rẹ̀, ó sì tún ara rẹ̀ tàn ju ìgbà 60 lọ. Ọkọ̀ tó yẹ kó sùn lóru nítorí pé oòrùn ló ń fún un lágbára kò rí oorun sùn, bátìrì rẹ̀ sì ń fà lọ sísàlẹ̀.

Pete Theisinger ni olórí iṣẹ́ náà ní Pasadena. Lára àwọn tó wà nídìí ètò kọ̀ǹpútà ni Glenn Reeves, ẹni tó ti rí irú rẹ̀ rí. Pathfinder tó gúnlẹ̀ sí Mars ní ọdún 1997 náà lo VxWorks, kọ̀ǹpútà rẹ̀ náà sì ń pa ara rẹ̀ tún ara rẹ̀ tàn nítorí àṣẹ kan tí wọ́n yàn lódì, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọ̀rọ̀ ipò iṣẹ́ ni ìyẹn, kì í ṣe ti àyè. Ní ọjọ́ 23, oṣù kìn-ín-ní, ọ̀rọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í wọlé láti ọ̀dọ̀ Spirit, díẹ̀díẹ̀ bí omi tó ń kán láti ẹnu ẹ̀rọ. Ìwọ̀nba èyí tó wọlé tó fún wọn láti fura pé flash ni kernel ń lọ bá kó tó ṣubú.

Àwọn tó kọ ètò náà ti ṣe ohun ọgbọ́n kan tẹ́lẹ̀, bóyá láìmọ̀ pé ẹ̀mí ọkọ̀ náà wà lọ́wọ́ rẹ̀. Wọ́n fi àṣẹ kan sílẹ̀ tí wọ́n lè fi ránṣẹ́ láti ayé, pé kí kernel jí láìfọwọ́ kan flash rárá, kó máa lo apá kan RAM bí ẹni pé flash ni. Ní ọjọ́ 24 ni wọ́n fi àṣẹ náà ránṣẹ́. Ọkọ̀ náà gbọ́, ó jí, kò sì ṣubú mọ́. Lálẹ́ ọjọ́ yẹn gan-an, ní ìwọ̀n aago Pasadena, ni Opportunity gúnlẹ̀ láyọ̀ ní apá kejì Mars.

Iṣẹ́ tó kù kò yára. Wọ́n pa àwọn fáìlì àtijọ́ rẹ́, nígbà tó sì di oṣù kejì, wọ́n nu flash náà mọ́ pátápátá, wọ́n tún un tò láti ìbẹ̀rẹ̀, Spirit sì padà sẹ́nu iṣẹ́. Ní oṣù kẹrin ọdún náà, wọ́n fi ètò tuntun ránṣẹ́ sí àwọn ọkọ̀ méjèèjì.

Ẹnikẹ́ni yóò béèrè ìdí tí wọn kò fi rí àṣìṣe yìí kí ọkọ̀ tó gbéra. Wọ́n dán an wò, wọ́n sì dán an wò dáadáa. Ṣùgbọ́n ìdánwò tí wọ́n ṣe kì í pẹ́ tó ohun tí Spirit fi ṣiṣẹ́ láìdáwọ́ dúró, flash tí wọ́n sì fi ń dán an wò kì í ní ẹrù ọ̀pọ̀ oṣù nínú. Àyè tó ń tán díẹ̀díẹ̀ kì í fara hàn nínú ìdánwò ọjọ́ díẹ̀. Lóòótọ́ ni wọ́n wà lábẹ́ ìkánjú, nítorí bí Mars àti ayé bá ti jìnnà síra wọn, ó di ọdún méjì ó lé díẹ̀ kí ọ̀nà tó tún dára. Àmọ́ àṣẹ méjèèjì yìí kò nílò ìdánwò ọdún kan kí wọ́n tó rí i. Ẹni tó bá fara balẹ̀ ka ohun tí wọ́n yàn sílẹ̀ lè rí i lórí tábìlì.

Ọjọ́ 90 péré ni wọ́n retí pé ọkọ̀ kọ̀ọ̀kan yóò lò. Spirit lo ọdún mẹ́fà ó lé, ọjọ́ 22, oṣù kẹta, ọdún 2010 ni wọ́n gbọ́ ohùn rẹ̀ kẹ́yìn, lẹ́yìn tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ti há sínú yanrìn.

Ní ọdún 2014, nígbà tí Opportunity ti lo ọdún mẹ́wàá, flash tirẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í gbó. Ìgbàgbé bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe é, kọ̀ǹpútà rẹ̀ sì ń tún ara rẹ̀ tàn lemọ́lemọ́. Wọ́n tún flash náà tò, àìsàn náà padà. Ni wọ́n bá lọ gbé àṣẹ tó gba Spirit là jáde, wọ́n ní kí Opportunity jí láìlo flash, kó máa kó gbogbo ohun tó bá rí sínú RAM. Ohun tó bá wà nínú RAM máa ń parẹ́ bí ọkọ̀ bá ti sùn, nítorí náà wọ́n ní láti gba àwòrán ọjọ́ kọ̀ọ̀kan sílé kó tó di alẹ́. Ní ọdún 2015, wọ́n tún gbìyànjú láti fi abala kan tó ti bàjẹ́ nínú abala méje flash náà pa mọ́ fún kernel, kó má lè dé ibẹ̀ mọ́. Ọkọ̀ náà ń báṣẹ́ lọ títí di ọjọ́ 10, oṣù kẹfà, ọdún 2018, nígbà tí ìjì eruku bo oòrùn mọ́ ọn lójú, tí agbára rẹ̀ sì tán.